Àbẹ̀kẹ́, Má Fọwọ́ sí Ìwé Yẹn

Ilé wa, Ìjẹ̀bú-Òde,
Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà.

Rìsíkátù Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé. Mi ò ní béèrè bóyá ara rẹ le, torí mo gbọ́ ohùn rẹ lórí fóònù lánàá, mo sì mọ̀ pé ara rẹ le. Ọkàn rẹ ni kò le. Inú ń bí mi. Mo fẹ́ kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o má baà máa wádìí rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ. Mo pa fóònù mọ́ ọ létí nítorí pé bí mi ò bá pa á, ǹ bá sọ ohun tí ìyá kì í sọ sí ọmọ. Mo kírun, mo mu omi, mo jókòó sídìí tábìlì tí bàbá rẹ fi ń ṣe máàkì ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, mo sì mú bírò. Ṣàkírù ẹ̀gbọ́n rẹ ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ ní Abẹ́òkúta lọ́la, òun ni yóò mú lẹ́tà yìí wá. O lè pa fóònù mọ́ mi létí bí èmi náà ṣe pa á mọ́ ọ. Lẹ́tà ò ṣeé pa. Wàá kà á tán.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ rẹ sọ, kí o lè mọ̀ pé mo gbọ́ ọ yé. Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, nígbà tí o gba iṣẹ́ apòògùn ní ọsibítù tí o wà yìí, o ra ọkọ̀ tíà rọ́bà, ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gùn rí. O ò fẹ́ tòkunbọ̀, o ní ìfọ̀kànbalẹ̀ lo fẹ́ rà. Àwọn tó tà á fún ọ fún ọ ní wáráńtì ọdún mẹ́ta. Ìyẹn ni pé bí ohunkóhun bá bàjẹ́ lára ọkọ̀ náà tí kì í ṣe ìwọ lo bà á jẹ́, àwọn ni yóò tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Lóṣù tó kọjá, gíà ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í já. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, o ń gun òkè lọ síbi iṣẹ́, ọkọ̀ kọ̀, ó ń yí padà sẹ́yìn pẹ̀lú rẹ nínú, díẹ̀ ló kù kó kọ lu ọlọ́kadà tó gbé aboyún sẹ́yìn. O gbé ọkọ̀ padà fún wọn. Wọ́n ní o ti ní kí oníná ọkọ̀ kan bá ọ so àláàmù mọ́ ọn, àláàmù yẹn ló ba gíà jẹ́, wáráńtì sì ti kú nìyẹn. Wọ́n wá tẹ ìwé kan. Wọ́n ní bí o bá fọwọ́ sí i pé ẹ̀bi rẹ ni, àwọn yóò ṣàánú rẹ, àwọn yóò dín owó àtúnṣe kù fún ọ. Wọ́n fún ọ di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìwọ ọmọ mi wá sọ fún mi pé, “Mọ́mì, màá fọwọ́ sí i. Mi ò fẹ́ wàhálà.”

Ta ló fẹ́ wàhálà, Àbẹ̀kẹ́? Wọ́n ta wàhálà fún ọ, wọ́n gba owó rẹ̀ pé lọ́wọ́ rẹ, wọ́n wá ní kí o fọwọ́ sí i pé ìwọ lo bí i. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin ló kù lórí wáráńtì yẹn. Ọjọ́ tí o bá fọwọ́ sí ìwé náà ni gbogbo rẹ̀ parí. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú lọ́la, ìwọ ni. Bí bíréèkì bá já, ìwọ ni. Wọn ò ní wá ìdí mìíràn mọ́, torí ìwọ fúnra rẹ ti fi ìdí náà lé wọn lọ́wọ́. Àánú wo ló wà níbẹ̀?

Mo mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà mú ọ, nítorí ọ̀nà yẹn náà ni àwọn ẹlòmíràn gbà mú mi. O gbọ́ àbọ̀ ìtàn yìí rí. Mi ò sọ àbọ̀ kejì fún yín, torí ojú ń tì mí. Lónìí màá sọ ọ́.

O ṣì wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn. Ẹja yìnyín ni mo ń tà, Èkó ni mo ti ń kó o wá, ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni mo sì ń háyà. Nígbà tó yá, mo tu owó jọ, mo lọ ra píkọ́ọ̀pù tuntun ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta ọkọ̀ ní Èkó. Wáráńtì ọdún kan. Ọkùnrin kan tó de táì tẹ́ ìwé síwájú mi, ibi tó bá ti fi ìka sí ni mo ń fọwọ́ sí. Mo béèrè pé kí ni gbogbo rẹ̀ wí. Ó ní kí n má da ara mi láàmú, pé ohun gbogbo ti wà nínú wáráńtì. Mo gbà. Mo kó ìwé náà sínú náílọ́ọ̀nù, mo tì í bọ abẹ́ aṣọ nínú àpótí bí ìwé ilẹ̀, mi ò ka ìlà kan nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ rèé, kí n tó máa bá ìtàn lọ. Ọjọ́ tí lẹ́tà yìí bá dé, kí o tó jẹun, mú ìwé wáráńtì rẹ jáde. Kà á láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, títí kan èyí tí wọ́n kọ wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀. Ìwọ tí o ń ka ara ìgò oògùn kí o tó fún aláìsàn, báwo ni o ṣe ra ọkọ̀ tí o ò ka ìwé rẹ̀? Fi bírò pupa fàlà sí gbogbo ibi tí wọ́n bá ti sọ ohun tó lè pa wáráńtì. Bí o bá rí i níbẹ̀ pé àláàmù ń ba gíà jẹ́, pè mí, màá wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn. Bí o ò bá rí i, o ti mọ irú ènìyàn tí o ń bá sọ̀rọ̀.

Ní oṣù keje tí mo ra píkọ́ọ̀pù náà, oṣù Ààwẹ̀ ni, mo ń kó ẹja bọ̀ láti Èkó. Gbogbo ẹja yẹn ti ní olówó. Àwọn oníbàárà mi ń retí rẹ̀ fún ìṣínu. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Ṣágámù, ọ̀sán gangan, ẹ́ńjìnnì gbóná, ó rú èéfín, ó kú. A dúró sínú oòrùn. Yìnyín ń yọ́, omi ẹja ń kán sílẹ̀ láti ẹ̀yìn ọkọ̀, èmi ń gbààwẹ̀, mi ò lè fi omi kan ẹnu. Nígbà tí a fi máa rí ọkọ̀ mìíràn, ẹja ti rà. Mo dà á nù. Mo wá ń lọ láti ilé dé ilé, mo ń bẹ àwọn ènìyàn.

Wọ́n wọ́ píkọ́ọ̀pù náà lọ sí ilé-iṣẹ́ tó tà á fún mi. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n fi ń yí mi. Bí mo bá dé ọjọ́ Ajé, wọ́n á ní kí n wá lọ́jọ́ Ẹtì. Bí mo bá dé lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n á ní máníjà ò sí lórí ìjókòó. Ọ̀kan nínú wọn bi mí bóyá mi ò lè mú ọkọ mi dání wá, pé ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ni. Mo rẹ́rìn-ín. Títí di òní ni inú fi ń bí mi pé mo rẹ́rìn-ín.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, fọ́máànù wọn jáde sí mi. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó bi mí bí ẹni tó kàn ń tàkúrọ̀sọ, “Màdámà, ta ló ń bá yín pààrọ̀ ọ́ìlì?” Mo fi ìgbéraga dá a lóhùn pé mẹkáníìkì mi ní Ìjẹ̀bú-Òde ni, ọ̀gá ni, kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ tó o. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní ó tán nìyẹn: mẹkáníìkì mi ti rọ ọ́ìlì ayédèrú sí ọkọ̀, wáráńtì ò sì bo ìyẹn. Ó gbé ìwé kan síwájú mi. Àárẹ̀ ti mú mi. Mo ní kí ọ̀rọ̀ tán. Mo fọwọ́ sí i, mo sanwó ẹ́ńjìnnì.

Ṣé o rí i? Àárẹ̀ ni wọ́n ń dúró dè. Wọn kì í bá ọ jà. Wọ́n á kàn jókòó títí yóò fi rẹ̀ ọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ bá fi ẹ̀rín bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ rẹ, ní kó kọ ìbéèrè náà sínú ìwé, ìwọ náà á sì kọ ìdáhùn. Wọn ò ní fẹ́ kọ ọ́. Jẹ́ kí wọ́n má fẹ́.

Mo ní màá sọ àbọ̀ kejì. Mẹkáníìkì náà ni Ẹ̀gbọ́n Múfú. O ò lè fi bẹ́ẹ̀ rántí rẹ̀. Létí ọ̀nà tó lọ sí Ẹ̀pẹ́ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, ó fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, òun ló ń tún ọkọ̀ ògbólógbòó bàbá rẹ ṣe kí a tó bí ọ. Ọjọ́ tí ọmọ mú mi, tí bàbá rẹ wà ní ibi iṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n Múfú ló fi ọkọ̀ oníbàárà rẹ̀ gbé mi dé ọsibítù. Ìwọ ni oyún yẹn.

Láti Èkó ni mo ti ń bínú bọ̀. Mi ò yà nílé. Mo dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo dúró níta níbi tí gbogbo àwọn mẹkáníìkì yòókù ti lè gbọ́, mo pè é ní olè. Ẹni tí mo ti ń pè ní Ẹ̀gbọ́n láti ọdún pípẹ́, tí mi ò sọ “ìwọ” sí rí, mo sọ “ìwọ” sí i lójú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Kò bá mi pariwo. Ó wọlé, ó mú ìwé kan jáde, ìwé tó máa ń kọ iṣẹ́ gbogbo ọkọ̀ sí. Ó ṣí i. Ó ní, “Ìyá Ṣàkírù, ẹ wo ọjọ́ tí mo pààrọ̀ ọ́ìlì yín. Ẹ wo irú ọ́ìlì náà, ẹ wo ibi tí mo ti rà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.”

Mo fi ọwọ́ gbá ìwé náà. Ó bọ́ sínú ọ́ìlì tó dà sílẹ̀.

Mo tún mú ọlọ́pàá wá. Wọ́n mú un lọ, ó wà ní àgọ́ wọn láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bàbá rẹ ló lọ gbà á sílẹ̀ nígbà tó dé láti ilé-ìwé. Nígbà tó wọlé, kò jókòó. Ó ní, “Sàlámátù, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìwọ gbọ́ ti oní-táì, o ò gbọ́ ti ẹni tó gbé ọ nígbà tí o ń rọbí.” Ó lọ sùn. Mo tún bínú sí òun náà.

Ọ̀rọ̀ tàn ká pé Múfú ń rọ ayédèrú ọ́ìlì. Ẹnu mi ló ti jáde, mo sì gbajúmọ̀ lọ́jà. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń dín kù lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ọdún náà tó parí, ó ti ti ṣọ́ọ̀bù, ó kó lọ sí Ibefun, ìlú ìyá rẹ̀, ó ń tún ẹ̀rọ ìlọta ṣe. Ọ̀gá mẹkáníìkì o.

Obìnrin kan wà ní Ayépé, Màmá Olùkọ́ ni gbogbo ènìyàn ń pè é, òun ló ni ilé-ìwé àwọn ọmọdé kan níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ló ti ń ra ẹja tí wọ́n fi ń se oúnjẹ fún wọn. Lọ́jọ́ kan ó wá pẹ̀lú kẹ̀kẹ́, mo sì bi í pé píkọ́ọ̀pù rẹ̀ dà, torí irú tèmi gan-an ló ní. Ó ní ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbóná, ó rú èéfín, ó kú. Mo ní mẹkáníìkì rẹ̀ ńkọ́? Ó ní òun ò ní mẹkáníìkì. Ilé-iṣẹ́ tó ta tèmi náà ló tà á fún òun, láti ọjọ́ náà sì ni àwọn nìkan ti ń fọwọ́ kàn án. Ọ́ìlì wọn ni, ọwọ́ wọn ni. Mo bi í pé kí ni wọ́n sọ pé ó fà á. Ó ní, “Wọ́n ní dírẹ́bà mi ni kò mọ ọkọ̀ wà.”

Mo jókòó sórí páálí ẹja. Tèmi, mẹkáníìkì. Tirẹ̀, dírẹ́bà. Ọkọ̀ kan náà, àìsàn kan náà, ẹ̀bi méjì, kò sì sí èyí tó kan àwọn tó ta ọkọ̀ nínú rẹ̀.

Mo lọ mú ìwé wáráńtì mi nínú àpótí, Màmá Olùkọ́ sì kà á fún mi sókè. Ó dé ojú ewé kẹta, ó tún ìlà kan kà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé oníbàárà lè pààrọ̀ ọ́ìlì níbikíbi tó bá wù ú, bí ó bá ti jẹ́ irú ọ́ìlì tí àwọn dárúkọ ni, tó sì ní àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ọ́ìlì tí wọ́n dárúkọ, Àbẹ̀kẹ́, òun gan-an ni Ẹ̀gbọ́n Múfú ti sọ fún mi ní oṣù kìíní pé òun máa lò. Ìwé náà ti wà nínú àpótí mi látìgbà yẹn. Àkọsílẹ̀ tí wọ́n sì ń béèrè, ọwọ́ mi ni mo fi gbá a dà sínú ọ́ìlì.

Mo lọ sí Ibefun. Mo bá a lábẹ́ ìbòòji, ó ń de nọ́ọ̀tì mọ́ ẹ̀rọ kan. Mo kúnlẹ̀. Kò sọ pé kí n dìde. Ó de nọ́ọ̀tì náà tán, ó mú òmíràn, ó de ìyẹn náà tán, ó nu ọwọ́ rẹ̀. Mo sọ ohun tí mo rí nínú ìwé, mo sọ ti Màmá Olùkọ́, mo ní mo ti ṣẹ̀ ẹ́, mo sì ń tọrọ ìdáríjì. Lẹ́yìn náà ni mo wá sọ èyí tó burú jù: pé mo nílò ìwé iṣẹ́ rẹ̀ láti fi bá wọn jà.

Ó wọlé, ó mú un jáde. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti dúdú fún ọ́ìlì ọjọ́ yẹn. Ó fún mi. Ó ní, “Mo ti dárí jì yín, Ìyá Ṣàkírù. Òtítọ́ ló wà nínú ìwé yìí, òun ló jẹ́ kí n fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé ọkọ̀ wá sọ́dọ̀ mi mọ́.”

Èmi àti Màmá Olùkọ́ kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ náà, a so gbogbo ìwé mọ́ ọn, a kọ ẹ̀dà rẹ̀ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, a sì jẹ́ kí wọ́n rí i nínú tiwọn pé a ti kọ ẹ̀dà síbẹ̀. Ọjọ́ tí a dé ọ̀dọ̀ wọn, máníjà tí kò sí lórí ìjókòó fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún wà lórí ìjókòó. Màmá Olùkọ́ tẹ́ ìwé mi sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, ó ní kó yan ọ̀kan, ṣé ọ́ìlì ni àbí dírẹ́bà. Ọkùnrin náà wo ìwé méjèèjì, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní ká fún òun ní ọ̀sẹ̀ kan. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé, wọ́n ti pè wá. Wọ́n fi ẹ́ńjìnnì tuntun sí ti Màmá Olùkọ́, wọ́n sì dá owó mi padà. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ wọn sọ fún wa ní ẹnu ọ̀nà pé ẹ̀yà tó ń ti omi yí ẹ́ńjìnnì ká ni kò dára lára àwọn ọkọ̀ yẹn, àwọn sì ti mọ̀ tipẹ́.

Wọ́n ti mọ̀ tipẹ́. Wọ́n mọ̀ ọ́n ní ọjọ́ tí fọ́máànù ń fi ẹ̀rín bi mí nípa ọ́ìlì.

Mo padà sí ìlà àwọn mẹkáníìkì lọ́nà Ẹ̀pẹ́, mo dúró síbi tí mo dúró sí lọ́jọ́ kìíní, mo sọ fún wọn pé Múfú kò jalè, èmi ni mo parọ́ mọ́ ọn. Wọ́n gbọ́. Àwọn kan sunkún. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ti gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì ti mọ́ mẹkáníìkì mìíràn lára. Ẹyin lohùn. Ẹ̀gbọ́n Múfú kú sí Ibefun, mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀, mo jókòó sẹ́yìn.

Àwọn ìmọ̀ràn tó kù rèé. Mi ò rántí iye tí mo ti kà mọ́.

Má fi ẹnu lásán bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ lórí fóònù, tún un kọ sí wọn lọ́jọ́ náà: “Ẹ sọ fún mi lónìí pé báyìí báyìí.” Bí wọn ò bá sẹ́ ẹ, ó ti di tìrẹ.

Ẹni tó bá ní ìwọ lo ba ọkọ̀ jẹ́, òun ni kó fi hàn. Ní kí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀yà gíà tó bàjẹ́, kí wọ́n kọ ọ̀nà tí wáyà àláàmù gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò fọwọ́ sí i pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí ìwọ fọwọ́ sí ìwé. Àwọn náà ní ọwọ́.

Bí o bá tún gbé ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ya fọ́tò rẹ̀, ya iye máìlì tó ti rìn, gba ìwé pé wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ. Bí wọ́n bá tún un ṣe, má fọwọ́ sí i pé ó ti dára àfi bí o bá ti wà á gun òkè yẹn fúnra rẹ.

Má sì bú ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Mo mọ̀ pé inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tútù ní ń yọ obì lápò. Ohùn tútù, ìwé líle. Bí o bá pariwo, ariwo rẹ ni wọ́n á máa sọ, wọn ò ní sọ ti gíà mọ́.

Wàyí o, ohun tó jẹ́ kí n pa fóònù mọ́ ọ létí gan-an nìyí. Ṣàkírù sọ ohun tí ìwọ ò sọ fún mi. Ó ní o ti gbé fọ́tò Táófíìkì, oníná tó so àláàmù náà, sórí Wátsáàpù àwọn òṣìṣẹ́ ọsibítù yín. Ó ní o kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ pé òṣìṣẹ́ burúkú ni, pé ó ba ọkọ̀ rẹ jẹ́, kí gbogbo ènìyàn ṣọ́ra fún un. Ó ní ènìyàn méjì ti gba iṣẹ́ wọn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin tó níyàwó, tó ń tọ́ ọmọ. Ta ló sọ fún ọ pé òun ló bà á jẹ́? Àwọn tó ta ọkọ̀ ni. O gbọ́ ẹnu ẹnìkan, o dá ẹjọ́. Mo lo ọlọ́pàá, ìwọ lo fóònù. Tìrẹ ló tiẹ̀ yá ju tèmi lọ.

Bóyá o jẹ̀bi, bóyá o ò jẹ̀bi lórí ọ̀rọ̀ gíà, mi ò mọ̀. A máa mọ̀. Ṣùgbọ́n ní ti Táófíìkì, o ti jẹ̀bi. O fojú ẹni tó lágbára wo àwọn oní-táì, o ní o ò fẹ́ wàhálà. Nígbà tó kan ẹni tí kò lè ṣe ọ́ ní nǹkankan, o rí agbára wàhálà. Èyí ló dùn mí jù, Àbẹ̀kẹ́. Mi ò bí ọ kí o máa bẹ̀rù òkè kí o sì máa tẹ ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀. Èmi ti ṣe é, mo sì mọ ohun tó ń ṣe fún oorun ènìyàn.

Nítorí náà, kí ilẹ̀ ọjọ́ tí lẹ́tà yìí bá dé tó ṣú, lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, fi ẹsẹ̀ ara rẹ lọ. Má fi ìwé ránṣẹ́, má fi owó ránṣẹ́. Tọrọ àforíjì. Lẹ́yìn náà, lọ sórí Wátsáàpù yẹn, ibi tí o kọ tàkọ́kọ́ sí náà ni, kí o kọ ọ́ pé o sọ ohun tí o ò mọ̀. Bí ojú bá tì ọ́, jẹ́ kó tì ọ́. Tèmi ò tì mí ní kíá, ìdí tó fi pẹ́ lára mi nìyẹn.

Màá wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mọ́tò àkọ́kọ́ tó bá jáde ní Ìjẹ̀bú-Òde ni màá wọ̀. Má wá pàdé mi ní gáréèjì, má se oúnjẹ dè mí. Ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ tó ta ọkọ̀ fún ọ ni kí o ti dúró dè mí, pẹ̀lú ìwé wáráńtì rẹ àti bírò pupa. A jọ máa wọlé. Bí wọ́n bá gbé àga fún mi, màá jókòó. Bí wọn ò bá gbé e, màá dúró. Bí wọ́n bá kọjú sí mi pé kí n bá ọ sọ̀rọ̀, màá sọ fún wọn pé èmi kọ́ ló ra ọkọ̀.

Ìwọ lo máa sọ̀rọ̀.

Èmi ìyá rẹ tí inú ń bí, tó sì fẹ́ràn rẹ,
Alhaja Sàlámátù.